William Harvey, ọkùnrin tó tọpa ẹ̀jẹ̀ padà dé inú ọkàn

Àgbẹ̀ tó bá ń ti oko ọ̀pẹ tàbí oko ẹ̀gẹ́ bọ̀ ní agbègbè Adja-Ouèrè mọ bí iṣan apá rẹ̀ ti máa ń yọ lẹ́yìn iṣẹ́. Àwọn iṣan náà a wú, kókó kéékèèké a sì hàn lára wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rí wọn lójoojúmọ́ láì bèèrè ohun tí wọ́n wà fún. Ní nǹkan bí 400 ọdún sẹ́yìn, ọkùnrin kan bèèrè. Ó fẹ́ mọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ inú wọn ti ń bọ̀ àti ibi tó ń lọ. Orúkọ rẹ̀ ni William Harvey. Ìdáhùn tó rí ni àwọn dókítà ṣì ń lò títí di òní, nígbà tí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ lé ikùn aláìsàn láti wo iṣan àbọ̀ tó tóbi jù lọ nínú ara.

Ọmọ Folkestone

A bí William Harvey ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1578, ní Folkestone, ìlú kan létí òkun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilẹ̀ Faransé ni ó wà ní òdìkejì omi náà. William ni àkọ́bí nínú ọmọ mẹ́sàn-án, ọkùnrin méje àti obìnrin méjì. Thomas, bàbá wọn, jẹ́ ènìyàn pàtàkì ní ìlú. Òwò ni púpọ̀ nínú àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin yàn. Ìwé ni William yàn ní tirẹ̀.

Ó kàwé ní ìlú Canterbury. Lẹ́yìn náà, ó wọ Yunifásítì Cambridge ní ọdún 1593, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 15. Nígbà tó parí níbẹ̀, ó rìnrìn àjò lọ sí Padua ní ilẹ̀ Ítálì, nítorí pé òkìkí ẹ̀kọ́ ìṣègùn ìlú náà ti kàn ká gbogbo ilẹ̀ Yúróòpù. Gbọ̀ngàn kan wà ní Padua tí wọ́n ti ń la òkú ènìyàn, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ojú ara wọn rí ohun tó wà nínú ara. Fabricius ni orúkọ olùkọ́ àgbà tó ń ṣe iṣẹ́ náà.

Fabricius ti rí i pé àwọn ìlẹ̀kùn kéékèèké wà nínú àwọn iṣan kan. Ó fi wọ́n han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rò pé iṣẹ́ wọn ni láti dín eré ẹ̀jẹ̀ kù, kí ó má baà ya lọ sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ní àpọ̀jù. Harvey gba oyè dókítà ní ọdún 1602, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 24. Ó padà sí ilẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbàgbé àwọn ìlẹ̀kùn kéékèèké náà.

Ohun tí àwọn àgbà ìṣègùn gbà gbọ́

Ní ayé ìgbà náà, ohun tí Galen kọ ni àwọn dókítà ń tẹ̀lé. Oníṣègùn ará Gíríìkì ni Galen, ó sì ti kú láti nǹkan bí 1400 ọdún. Galen kọ́ni pé inú ẹ̀dọ̀ ni oúnjẹ ti ń di ẹ̀jẹ̀. Láti inú ẹ̀dọ̀, ẹ̀jẹ̀ yóò gba inú iṣan lọ sí gbogbo ara, ara yóò sì lò ó tán. Ó dà bí omi tí a bù sí ebè ẹ̀fọ́. Ilẹ̀ fà á mu, kò sì padà sínú korobá mọ́. Nítorí náà, ẹ̀dọ̀ gbọ́dọ̀ máa ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun ní gbogbo ìgbà.

Kò rọrùn láti ta ko irú àgbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn Yorùbá mọ̀ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Harvey kò bú Galen. Ó bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ó pinnu pé òun yóò kọ́kọ́ fi ojú ara òun wò kí òun tó gbà.

Ní ọdún 1604, ó fẹ́ Elizabeth Browne, ọmọ dókítà kan tó ti tọ́jú ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọn kò bí ọmọ. Ní ọdún 1609, ó di dókítà ní ilé ìwòsàn St Bartholomew ní London, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tálákà. Ní ọdún 1616, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn dókítà ní ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara. Ní ọdún 1618, ó di ọ̀kan nínú àwọn dókítà Ọba James. Nígbà tí ọba náà wàjà, ó di dókítà ọmọ rẹ̀, Ọba Charles.

Ìwádìí mẹ́ta

Láàárín gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí, Harvey ń wo ọkàn oríṣiríṣi ẹranko: ajá, ẹlẹ́dẹ̀, ẹja, ọ̀pọ̀lọ́, ejò, àti òròmọdìẹ tó wà nínú ẹyin. Ọkàn ejò àti ti ọ̀pọ̀lọ́ ràn án lọ́wọ́ púpọ̀, nítorí pé wọn kì í yára lù, ojú sì lè tẹ̀lé wọn. Ìwádìí mẹ́ta ni ó ṣe pàtàkì jù nínú ohun tó ṣe.

Èkíní ni ìṣirò. Harvey wo iye ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tì jáde nígbà kan ṣoṣo tó bá lù. Ó mọ̀ọ́mọ̀ mú iye tó kéré, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ó ti sọ àsọdùn. Ó ka iye ìgbà tí ọkàn ń lù ní ààbọ̀ wákàtí. Ó ju 1000 lọ. Nígbà tó ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó rí i pé ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tì jáde láàárín ààbọ̀ wákàtí ju gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú ara lọ. Oúnjẹ wo ni ènìyàn lè jẹ tí yóò di ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Kò sí. A jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ni ó ń lọ, tí ó sì ń bọ̀. Lónìí, a mọ̀ pé àgbàlagbà ní nǹkan bí lítà 5 ẹ̀jẹ̀ nínú ara. Bí ó bá jókòó jẹ́ẹ́, ọkàn rẹ̀ ń tì tó lítà 5 jáde ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo.

Harvey tún rántí iṣẹ́ àwọn alápatà. Bí wọ́n bá gé iṣan ọrùn màlúù tí ọkàn rẹ̀ ṣì ń lù, ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ń dà jáde tán láàárín àkókò díẹ̀. Alápatà tó ń pa ẹran tà ní Ikpinlè tàbí ní Massè mọ èyí dáadáa.

Ìwádìí kejì ni ti apá. Harvey so ọ̀já mọ́ apá ènìyàn lókè ìgúnpá, ṣùgbọ́n kò so ó le jù. Àwọn iṣan tó wà nísàlẹ̀ ọ̀já náà wú, kókó kéékèèké sì hàn lára wọn. Ibi tí àwọn ìlẹ̀kùn wà ni àwọn kókó náà. Ó fi ìka kan tẹ iṣan náà mọ́lẹ̀. Ó fi ìka kejì ti ẹ̀jẹ̀ lọ sókè, síhà èjìká, títí ó fi kọjá kókó kan. Ojú iṣan tó wà láàárín di òfìfo. Ẹ̀jẹ̀ tó ti lọ sókè kò lè padà wá sísàlẹ̀. Nígbà tó gbé ìka ìsàlẹ̀ kúrò, ẹ̀jẹ̀ tún kún ibẹ̀ láti ìsàlẹ̀ wá. Ohun tí Fabricius kò rí nìyí. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni àwọn ìlẹ̀kùn náà ń ṣí sí, ọ̀nà ọkàn.

Nípa báyìí, Harvey lóye pé oríṣi iṣan ẹ̀jẹ̀ méjì ni ó wà. Iṣan àlọ ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti inú ọkàn lọ sí ara. Iṣan àbọ̀ ń kó o padà sínú ọkàn.

Ìwádìí kẹta ni ti ejò. Nínú ara ejò, iṣan àbọ̀ ńlá kan wà tó ń wọ inú ọkàn. Harvey fi ẹ̀mú fún iṣan náà pọ̀. Kò pẹ́ rárá, àwọ̀ ọkàn náà ṣá, ó sún kì, ó sì ń lù jẹ́jẹ́ bí ẹni tó fẹ́ kú, nítorí pé kò rí ẹ̀jẹ̀ gbà. Nígbà tó tú iṣan náà sílẹ̀, ọkàn náà padà sí bó ti wà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó fún iṣan àlọ pọ̀. Ní ìgbà yìí, ọkàn náà wú, ó pọ́n dúdú, bí ohun tó fẹ́ bẹ́, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde.

Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí. Ọkàn kò lè pín ẹ̀jẹ̀ tí iṣan àbọ̀ kò gbé wá fún un. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ tó ju agbára ọkàn lọ lè pa á lára.

Ènìyàn náà ní irú iṣan ńlá yìí. Ó gba inú ikùn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun ẹ̀yìn, ní apá ọ̀tún. Ó kó ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀, ti kíndìnrín àti ti ẹ̀dọ̀ jọ, ó sì dà á sínú apá ọ̀tún ọkàn. Òun ni iṣan àbọ̀ tó tóbi jù lọ nínú ara. Àwọn dókítà ilẹ̀ Benin ń fi èdè Faransé pè é ní veine cave inférieure. A lè pè é ní ìyá iṣan.

Ìwé kékeré, àríyànjiyàn ńlá

Ní ọdún 1628, Harvey tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní ìlú Frankfurt, ní ilẹ̀ Jámánì. Èdè Látìnì ni ó fi kọ ọ́, nítorí pé òun ni àwọn ọ̀mọ̀wé gbogbo ilẹ̀ Yúróòpù ń kà. Ojú ìwé 72 péré ni. Àríyànjiyàn ńlá bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan ń sọ pé orí rẹ̀ ti dàrú, àwọn aláìsàn tó ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀ sì dínkù. Ní Paris, Jean Riolan, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ ìṣègùn tó lókìkí jù, ta kò ó. Harvey fi sùúrù dúró. Ọdún 1649 ni ó tó kọ̀wé dá Riolan lóhùn.

Òtítọ́ náà borí níkẹyìn. Ní àwọn ọdún 1670, Ọba Louis Kẹrìnlá ilẹ̀ Faransé pàṣẹ pé kí wọ́n máa fi ìrìn ẹ̀jẹ̀ kọ́ni ní gbangba ní Paris.

Àwọn obìnrin mẹ́rin

Ìwà kíkọ́kọ́-wò-kí-a-tó-gbà yìí kò mọ sí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ nìkan. Ní ọdún 1634, wọ́n fi ẹ̀sùn àjẹ́ kan àwọn obìnrin kan ní agbègbè Lancashire. Wọ́n gbà gbọ́ nígbà náà pé àmì kan máa ń wà lára àjẹ́. Wọ́n kó mẹ́rin nínú àwọn obìnrin náà wá sí London, ọba sì pàṣẹ pé kí Harvey darí àyẹ̀wò wọn. Àwọn oníṣẹ́ abẹ àti àwọn agbẹ̀bí yẹ ara wọn wò fínnífínní. Wọn kò rí àmì kankan tó yàtọ̀ sí ti ènìyàn yòókù, wọ́n sì jẹ́rìí bẹ́ẹ̀. Ní àkókò tí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ lè mú ikú wá, ohun ńlá ni pé wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí gan-an.

Ogun àti ọjọ́ ogbó

Ní ọdún 1642, ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ọba Charles àti ìgbìmọ̀ aṣòfin. Harvey bá ọba lọ. Nígbà tí kò sí nílé, àwọn ọmọ ogun ya wọ ibùgbé rẹ̀ ní London, wọ́n sì ba àwọn ìwé tó kọ jẹ́. Iṣẹ́ ìwádìí ọ̀pọ̀ ọdún, pàápàá èyí tó ṣe lórí kòkòrò, parun. Nínú gbogbo àdánù rẹ̀, èyí ni ó dùn ún jù.

Ó tún iṣẹ́ ṣe. Ní ọdún 1651, ó tẹ ìwé ńlá kejì jáde nípa bí ẹ̀dá ti ń di ọmọ nínú ẹyin àti nínú oyún. Ní ọdún 1654, wọ́n fẹ́ fi í ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn dókítà ní London, ṣùgbọ́n ó kọ̀ ọ́ nítorí ọjọ́ orí rẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà ọdún 1657, ní ẹni ọdún 79.

Ohun kan ṣoṣo ni kò rí. Kò rí ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kúrò nínú iṣan àlọ bọ́ sínú iṣan àbọ̀. Ó mọ̀ pé ọ̀nà náà gbọ́dọ̀ wà, ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè rí i. Ní ọdún 1661, Malpighi, ará Ítálì kan, fi ẹ̀rọ amóhun-kékeré-tóbi wo ẹ̀dọ̀fóró ọ̀pọ̀lọ́. Ó rí àwọn iṣan tín-ín-rín tó so méjèèjì pọ̀.

Ìyá iṣan lójú ẹ̀rọ

Kí Harvey tó rí ìyá iṣan, ó ní láti la ara ẹranko. Lónìí, dókítà lè rí i lára ènìyàn láì gé ohunkóhun. Ẹ̀rọ échographie ni ó ń lò, èyí tí ọ̀pọ̀ aboyún ti mọ̀. Ẹ̀rọ náà ń rán ohùn tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ wọ inú ara. Ohùn náà a kan ẹ̀yà ara, a sì padà bí gbohùngbohùn. Ẹ̀rọ a fi ohùn tó padà ya àwòrán. Bí àdán ti ń mọ ọ̀nà nínú òkùnkùn nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó pa ọwọ́ pọ̀ kí ẹ̀rọ yìí tó dé. Ní ọdún 1880, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Jacques àti Pierre Curie rí i ní Paris pé irú òkúta kan ń mú iná mànàmáná jáde bí a bá fún un pọ̀. Nígbà ogun àgbáyé kìíní, Paul Langevin, ará Faransé, lo irú òkúta náà láti fi ohùn wá ọkọ̀ ogun tó ń rìn lábẹ́ òkun. Ní ọdún 1958, Ian Donald, dókítà ní ìlú Glasgow, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ tẹ àwòrán inú ikùn tí wọ́n fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ yà jáde.

Láti wo ìyá iṣan, aláìsàn a dùbúlẹ̀, a sì fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Dókítà a fi oje tútù kan pa á lára lábẹ́ egungun àyà, a sì gbé ẹnu ẹ̀rọ lé ibẹ̀. Kò ní ìrora. Bí aláìsàn bá fa èémí sínú, ìyá iṣan a máa sún kì. Bí kò bá fẹ̀ ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 2 lọ, tí ó sì sún kì ju ìdajì lọ, ẹ̀jẹ̀ tó ń padà sí ọkàn kò há. Nínú ẹni tó ti ta ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sílẹ̀, tàbí ẹni tí ìgbẹ́ gbuuru ti gbẹ omi ara rẹ̀, ìyá iṣan lè pẹlẹbẹ pátápátá. Bí ó bá fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí kò sì sún kì tó ìdajì, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀jẹ̀ ti há sí ẹnu ọ̀nà ọkàn. Èyí lè ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀. Ejò Harvey ni a tún rí yìí: ọkàn tí kò rí ẹ̀jẹ̀ gbà, àti ọkàn tí ẹ̀jẹ̀ há sí.

Àwòrán yìí nìkan kò tó láti ṣe ìdájọ́. Ìyá iṣan ẹni tí ara rẹ̀ le pàápàá lè sún kì púpọ̀. Dókítà a tún wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, ìlù ọkàn, èémí àti ìtọ̀ aláìsàn kó tó pinnu.

Omi kì í ṣe oògùn gbogbo àìsàn

Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo ilé. Nígbà tí àìsàn bá dé, ọ̀pọ̀ ẹbí máa ń fẹ́ kí wọ́n tètè fa sérum sí aláìsàn lára. Bí olùtọ́jú kò bá tíì ṣe bẹ́ẹ̀, wọn a rò pé kò bìkítà. Lóòótọ́, omi náà ń gba ẹ̀mí là. Ìyá ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, àti ẹni tí onígbá méjì ń ṣe, kò gbọ́dọ̀ dúró pẹ́ kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n omi tó pọ̀ jù lè há sí ẹ̀dọ̀fóró, kí ó sì pa ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára láti tì í kiri.

Ní ọdún 2011, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Kenya, Uganda àti Tanzania ya ọ̀pọ̀ dókítà lẹ́nu. Ó kan àwọn ọmọdé tó ju 3000 lọ, tí àìsàn ibà líle ń ṣe, tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò sì rìn dáadáa. Àwọn tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe kò sí nínú wọn. Wọ́n yára fa omi púpọ̀ sí àwọn kan lára, wọn kò sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn yòókù. Láàárín wákàtí 48, nínú 100 ọmọ tí wọ́n yára fa omi sí lára, bíi 10 tàbí 11 kú. Nínú 100 ọmọ yòókù, bíi 7 ni ó kú.

Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ni ó ní ẹ̀rọ tí a fi ń wo ìyá iṣan. Ṣùgbọ́n kò sí ilé ìwòsàn tí a kò ti lè wo aláìsàn dáadáa. Ẹbí lè ṣe ìrànlọ́wọ́ níbẹ̀. Kí wọ́n sọ iye ìgbà tí aláìsàn ti bì tàbí tí ó ti yàgbẹ́. Kí wọ́n sọ ìgbà tó tọ̀ kẹ́yìn. Kí wọ́n sọ bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dà lára rẹ̀, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń wú, tàbí bí èémí rẹ̀ bá ń há nígbà tó bá dùbúlẹ̀. Kí wọ́n sì fún olùtọ́jú láyè láti wò kó tó so ìgò omi kọ́.

Bí àgbẹ̀ Adja-Ouèrè bá gbé ọkọ́ lé èjìká lọ́la, tí iṣan apá rẹ̀ sì wú, yóò mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ inú wọn kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ tó dúró sójú kan. Ó ń gòkè bọ̀ wá sí ọkàn, láti ẹnu ìlẹ̀kùn kan dé èkejì, gẹ́gẹ́ bí William Harvey ti fi ìka méjì péré fi hàn.